Lílù Kì í Ṣe Ìwádìí

Ní ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ohun ìbànújẹ́ méjì ni ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Èkìtì láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo. Wọ́n yìnbọn pa ọba aládé méjì lójú ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì dá ọkọ̀ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan lọ́nà ní Emùré, tí wọ́n kó àwọn ọmọ náà pẹ̀lú àwọn olùkọ́ wọn wọ inú igbó lọ. Láti ìgbà náà wá ni ọ̀rọ̀ kan ti wọ́pọ̀ lẹ́nu tọmọdé tàgbà, láti Adó títí dé Ìjerò, láti Àrámọkọ títí dé orí òkè Ẹ̀fọ̀n-Alààyè níbi tí ọ̀nà Iléṣà gbà wọ ilẹ̀ Èkìtì: wọ́n ní ẹnikẹ́ni tí ọwọ́ bá tẹ̀, kí àwọn ọlọ́pàá fi ìyà jẹ ẹ́ títí yóò fi jẹ́wọ́.

A mọ ohun tí ó fa ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ó bá ti gba ọ̀nà Ìwàràjà gòkè wá sí Ẹ̀fọ̀n nígbà tí oòrùn ń wọ̀, tí ó rí bí igbó ti sún mọ́ títì tó níbi tí ọ̀nà ti ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ láàárín òkè, kò ní bi wá léèrè pé kí ni ó ń ba ará ìlú lẹ́rù. Ṣùgbọ́n a kò gbà pé ọ̀nà tí wọ́n ń tọ́ka sí yẹn ni yóò gbà wá. Nítorí àwọn tí ọ̀daràn pa lẹ́kún gan-an ni a ṣe sọ bẹ́ẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ó ti ṣàlàyé.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ọkùnrin kan wà ní àtìmọ́lé. Wọ́n ti di apá rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn, wọ́n sì so ó rọ̀ bí ẹran ọjà, irú èyí tí àwọn ọlọ́pàá kan ní orílẹ̀-èdè yìí fúnra wọn sọ ní "tabay", tí àjọ Amnesty International sì kọ sínú ìwé ìwádìí rẹ̀ ní ọdún 2014. Ẹni tí ó wà nínú irú ìrora bẹ́ẹ̀ kò ronú nípa òtítọ́ mọ́. Ohun kan ṣoṣo tí ó ń wá ni gbólóhùn tí yóò mú kí wọ́n sọ òun kalẹ̀. Bí ó bá kíyè sí i pé wọ́n ní orúkọ ẹnìkan lọ́kàn, yóò dá orúkọ náà. Bí ó bá kíyè sí i pé wọ́n ní ibì kan lọ́kàn, yóò ní ibẹ̀ ni àwọn ti pàdé. Nígbà tí olùwádìí bá wá jókòó tí ó ń ka ìwé tí ó kọ, yóò rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀daràn ni òun ń kà, kò mọ̀ pé òun dàbí ẹni tí ó kígbe sí ara àpáta, tí ohùn ara rẹ̀ ń padà bọ̀ wá sí etí rẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2005, wọ́n mú ọmọ ọdún 16 kan ní Ìpínlẹ̀ Delta pé ó wà nínú àwọn tí ó digun ja fóònù gbà. Ọmọ náà sọ pé wọ́n lu òun, wọ́n so òun rọ̀, wọ́n sì fa èékánná òun yọ, kí òun tó fi ọwọ́ sí ìwé ìjẹ́wọ́ tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ de òun. Ní ọdún 2013 ilé ẹjọ́ dá ẹjọ́ ikú fún un. Oṣù karùn-ún ọdún 2015 ni gómìnà ìpínlẹ̀ náà tó dárí jì í. Ó ti wọlé ní ọmọdé, ó sì jáde ní àgbàlagbà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé àwa ènìyàn dúdú nìkan ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní ìlú Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù kọkànlá ọdún 1974, bọ́ǹbù pa ènìyàn 21 ní ilé ọtí. Ìbínú gba gbogbo ìlú, wọ́n sì mú ọkùnrin mẹ́fà. Mẹ́rin nínú wọn fi ọwọ́ sí ìwé ìjẹ́wọ́, wọ́n sì ju àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí ẹ̀wọ̀n gbére. Ọdún 1991 ni wọ́n tó tú wọn sílẹ̀, nígbà tí ó hàn gbangba pé ẹ̀rí tí wọ́n fi dè wọ́n kò lè dúró. Ní ọdún 1989 kan náà tí wọ́n tú àwọn mẹ́rin mìíràn sílẹ̀ nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní Guildford, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà, ni wọ́n tún ń ṣe irú rẹ̀ ní New York: wọ́n mú ọmọkùnrin márùn-ún, ọmọ ọdún 14 sí 16, pé wọ́n fi ipá bá obìnrin kan lò nínú ọgbà ìṣeré Central Park, wọ́n sì lù ú ní àlùbámi. Mẹ́rin nínú àwọn ọmọ náà jẹ́wọ́ níwájú ẹ̀rọ fídíò. Ní ọdún 2002 ni ẹni tí ó ṣe é gan-an sọ pé òun ni, àyẹ̀wò DNA sì fi hàn pé òótọ́ ni ó sọ. Ohun tí a fẹ́ kí àwọn tí ń pariwo pé kí a lù wọ́n rò dáadáa nìyí: nígbà tí àwọn ọmọdé márùn-ún wọ̀nyí ti wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá, ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ ibi náà ṣì ń rìn kiri ìgboro, ó sì pa obìnrin mìíràn kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́ ní ọdún náà.

Nítorí ìtìjú àwọn ẹjọ́ bí ti Birmingham àti Guildford ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe kọ́ àwọn ọlọ́pàá wọn ní ọ̀nà tuntun ní ọdún 1992. Orúkọ ọ̀nà náà ní lẹ́tà márùn-ún, PEACE, èyí tí í ṣe "àlàáfíà" ní èdè wọn, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sì dúró fún ìpele kan nínú iṣẹ́ náà. Kò sí ohun ìjìnlẹ̀ kan nínú rẹ̀ tí àgbà ilẹ̀ Yorùbá kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Olùwádìí gbọ́dọ̀ múra sílẹ̀ kí ó tó pe ẹnikẹ́ni jókòó: kí ó ti lọ wo ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀, kí ó mọ ohun tí ó dá a lójú àti ohun tí ó jẹ́ ìfura lásán. Lẹ́yìn náà, kí ó kí ẹni náà, kí ó sọ orúkọ ara rẹ̀ fún un, kí ó sọ ìdí tí a fi pè é àti ẹ̀tọ́ tí ó ní. Àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín sí èyí. Wọ́n ní ṣé olè ni a ó máa kí? Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ni ó sọ pé ohùn pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò, ohùn líle ní í yọ ọfà lápó, obì sì ni olùwádìí ń wá.

Ìpele kẹta ni ó ṣòro jù fún àwọn ènìyàn wa, òun ni pé kí a jẹ́ kí ẹni náà sọ̀rọ̀. "Sọ fún wa bí ọjọ́ náà ti rí láti ìgbà tí o jí." Kí olùwádìí sì dákẹ́. Kí ó má já lu ọ̀rọ̀, kí ó má fi ọwọ́ lu tábìlì. Báyìí náà ni wọ́n ń ṣe láàfin nígbà tí ẹjọ́ bá dé iwájú ọba àti àwọn ìjòyè: wọn a ní kí ẹni tí ó ní ẹjọ́ kí ó rò ó, ẹnikẹ́ni kì í sì dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu títí yóò fi sọ pé ẹjọ́ òun kò jù báyìí lọ. Ìgbà náà ni ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ń purọ́ kì í fẹ́ kí a fún òun ní àyè láti sọ̀rọ̀ púpọ̀, nítorí bí irọ́ bá ti gùn ni ibi tí a ó ti dì í mú ń pọ̀ sí i.

Ìbéèrè pàápàá ní irú tí a ń bèèrè. Ká ní wọ́n kó àpò kòkó mẹ́fà ní abà ẹnìkan lẹ́bàá Ẹ̀fọ̀n. Olùwádìí ti lọ wò ó, ó rí i pé ojú fèrèsé ẹ̀yìn ni olè gbà wọlé. Bí ó bá bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí a mú pé, "Ṣé ojú fèrèsé ẹ̀yìn ni o gbà wọlé?", ó ti ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹnikẹ́ni tí a bá lù dáadáa yóò dárúkọ fèrèsé ẹ̀yìn, kò sì sí adájọ́ tí yóò lè mọ̀ bóyá inú ẹni náà ni ọ̀rọ̀ ti jáde tàbí ẹnu ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n bí ó bá bèèrè pé, "Báwo ni o ti ṣe wọlé?", tí ó sì pa ẹnu mọ́ lórí ọ̀rọ̀ fèrèsé, nígbà náà bí ẹni náà bá fúnra rẹ̀ dárúkọ rẹ̀, ẹ̀rí ńlá ni. Láti inú ẹjọ́ Sykes ti ọdún 1913 ni àwọn adájọ́ wa ti mú ìdánwò tí wọ́n fi ń wo ìjẹ́wọ́: ǹjẹ́ ohun kan wà lẹ́yìn ìjẹ́wọ́ náà tí ó fi hàn pé òótọ́ ni? Ǹjẹ́ ẹni náà tilẹ̀ ní àyè láti ṣe ohun tí ó ní òun ṣe? Olùwádìí tí ó bá ti fi gbogbo àṣírí náà sí etí ẹni tí ó mú kò ní ohun tí yóò fi dáhùn.

A kò sọ pé kí a má bá òpùrọ́ fà á. Àyè rẹ̀ wà, lẹ́yìn tí ó ti sọ tẹnu rẹ̀ tán. "O sọ fún wa pé Ìjerò ni o sùn. Ọlọ́kadà kan sọ pé òun gbé ọ ní Àrámọkọ ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ náà. Ṣàlàyé èyí fún wa." Gbólóhùn mẹ́ta yìí wúwo ju kóbókò mẹ́wàá lọ.

A wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn wá jù, òun ni ti èdè. Olùwádìí tí ẹjọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tí ará ìlú ń pè ní IPO, a máa bèèrè ọ̀rọ̀ ní Yorùbá, a sì máa kọ ìdáhùn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà mìíràn, ọmọ ìpínlẹ̀ mìíràn ni, tí ẹ̀ka èdè Èkìtì kò yé dáadáa. Wàyí o, ọmọkùnrin kan wà níwájú rẹ̀, ó ní, "Wọ́n ní kí n wá bá àwọn gbé ẹrù kan, mo sì bá wọn gbé e." Ta ni "wọ́n" yìí? Ẹ̀yin òǹkàwé wa mọ̀ pé ó lè jẹ́ bàbá kan ṣoṣo tí ọmọ náà ń bọ̀wọ̀ fún. Ṣùgbọ́n bí a bá ti kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó di ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó di ẹgbẹ́, wọ́n sì lè tìtorí rẹ̀ fi ẹ̀sùn ìgbìmọ̀pọ̀ ṣe ibi kún èyí tí ó wà nílẹ̀. Tàbí kí ó sọ pé, "Ó wá bá mi lálẹ́." Ọkùnrin ni tàbí obìnrin? Èdè wa kò sọ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní dandan kí a sọ. Akọ̀wé sì ti yan èyí tí ó wù ú.

Èyí tí ó burú jù ni ọ̀rọ̀ "mo jẹ̀bi." Nínú ilé tí wọ́n ti kọ́ ọmọ dáadáa, ọmọ tí àgbà bá ń bá wí kì í jiyàn. Yóò dọ̀bálẹ̀, yóò ní, "Mo jẹ̀bi, ẹ má bínú, ẹ dákun," bí kò tilẹ̀ mọ ohun tí òun ṣe. Ó ń fi tu àgbà lójú ni. Àgbà tí ó gbọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀, yóò sì tún bèèrè lẹ́yìn tí inú rẹ̀ bá rọ̀. Ṣùgbọ́n kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dé àgọ́ ọlọ́pàá, kí ó dọ̀bálẹ̀ fún sájẹ́ǹtì, kí ó sọ ọ̀rọ̀ yẹn, ó ti jẹ́wọ́ nìyẹn, wọ́n sì ti kọ ọ́ sílẹ̀. Bákan náà ni ti ojú. Àwa ni a kọ́ ọmọ wa pé kí ó má ṣe tẹjú mọ́ àgbà. Àwọn ìwé kan láti òkè òkun sì ń kọ́ni pé ẹni tí kò bá lè wo ni lójú, irọ́ ni ó ń pa. Àwọn onímọ̀ ti wádìí ọ̀rọ̀ yìí ní ilẹ̀ òkèèrè pàápàá, wọ́n sì rí i pé ojú kì í fi irọ́ hàn bí a ti rò. Tí a bá wá lo irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ ní Ẹ̀fọ̀n, gbogbo ọmọ tí ó ní ẹ̀kọ́ ilé ni yóò di ọ̀daràn.

Ní ti òfin, kò sí àní-àní níbẹ̀. Apá 35 nínú Ìwé Òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 sọ pé ẹni tí a mú ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́ títí yóò fi bá agbẹjọ́rò tàbí ẹlòmíràn tí ó wù ú sọ̀rọ̀, àti pé kí a kọ ìdí tí a fi mú un fún un láàárín wákàtí 24 ní èdè tí ó yé e. Ó ní bí ilé ẹjọ́ tí ó lè gbọ́ ẹ̀sùn náà bá wà láàárín 40 kìlómítà, kí a gbé e lọ láàárín ọjọ́ kan. Bí a bá fi okùn wọn ilẹ̀ gbọọrọ láti Ẹ̀fọ̀n dé Adó, níbi tí ilé ẹjọ́ gíga wà, kò tó 40 kìlómítà. Òfin tí ó de ìfìyàjẹni ní ọdún 2017 sọ pé ẹni tí ó bá fi ìyà jẹ ẹni tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 25. Èkìtì ṣe òfin tirẹ̀ lórí ẹjọ́ ọ̀daràn ní ọdún 2014, ọdún kan kí ìjọba àpapọ̀ tó ṣe tiwọn. Òfin àpapọ̀ ti ọdún 2015 náà, àti Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 lẹ́yìn rẹ̀, sọ nípa fífi ẹ̀rọ gba ìjẹ́wọ́ sílẹ̀, wọ́n sì dárúkọ àwọn tí ó lè jókòó ti ẹni tí ń sọ̀rọ̀: agbẹjọ́rò rẹ̀, tàbí aṣojú àjọ tí ń ran aláìní lọ́wọ́ nínú ẹjọ́, tàbí ẹni tí ìjọba fi ṣe JP ní ìlú, tàbí ẹlòmíràn tí ó bá yàn. Ní ọdún 2023, nínú ẹjọ́ kan tí ó ti Èkó wá, Ilé Ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní orílẹ̀-èdè yìí sọ pé dandan ni irú ìlànà bẹ́ẹ̀ nínú òfin Èkó, àti pé ìjẹ́wọ́ tí a gbà láìsí fídíò tàbí agbẹjọ́rò kò wúlò.

Ìtumọ̀ èyí fún ẹni tí wọ́n jí ọmọ rẹ̀ gbé ni pé ọ̀daràn tí a lù lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde ní kòtù. Agbẹjọ́rò rẹ̀ yóò dìde, yóò ní tipátipá ni wọ́n fi gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Adájọ́ yóò dá ẹjọ́ gan-an dúró, yóò gbọ́ ẹjọ́ kékeré nínú ẹjọ́ ńlá lórí bí wọ́n ti gba ọ̀rọ̀ náà. Ìjọba ni yóò sì ní láti fi hàn, kọjá iyèméjì, pé wọn kò fi ipá gbà á. Bí ìjẹ́wọ́ bá ṣubú, tí olùwádìí kò sì wá ẹ̀rí mìíràn nítorí pé ó ti gbára lé ìjẹ́wọ́, kí ni ó kù?

Ẹlòmíràn yóò sọ pé, bí ẹni tí a jí gbé bá ṣì wà nínú igbó ńkọ́, tí kò sí àkókò fún sùúrù? Ìbéèrè gidi ni, a kò sì fojú kéré rẹ̀. Ìdáhùn wa ni pé ẹni tí ó ń jẹ ìrora yóò dárúkọ igbó èyíkéyìí. Bí àwọn ọlọ́pàá bá lo òru mọ́jú nínú igbó tí kò tọ́, òru kan ni ẹni tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ajínigbé pàdánù.

A kò sọ pé wọ́n ń lu ènìyàn ní àgọ́ ọlọ́pàá Ẹ̀fọ̀n. A kò ní ẹ̀rí irú rẹ̀. A sì mọ̀ pé iṣẹ́ ọlọ́pàá ní orílẹ̀-èdè yìí kò rọrùn, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó wá fi ẹjọ́ sùn ni wọ́n sábà ń sọ fún pé kí ó lọ ra bébà. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣe ọlọ́pàá ni ó kọ́kọ́ bi ẹni tí a fura sí léèrè. Àwọn ọ̀dọ́ ìlú ni, tàbí àwọn ọdẹ, tàbí Àmọ̀tẹ́kùn tí òfin Èkìtì dá sílẹ̀ ní ọdún 2020. Nígbà tí ẹni náà bá fi dé àgọ́ ọlọ́pàá, gbogbo ohun tí a mọ̀ ni wọ́n ti fi bú u lójú, ó sì ti mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ kí ó sọ. Ẹ̀kọ́ yìí tọ́ sí Àmọ̀tẹ́kùn bí ó ti tọ́ sí ọlọ́pàá: ẹni tí ó mú un kí ó mú un, kí ó gba ohun ìjà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó kọ wákàtí àti ibi tí ó ti mú un sílẹ̀, kí ó sì fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ti akọ̀ròyìn tí ń na ẹ̀rọ sí ẹnu ẹni tí ó wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ pé "Ṣé lóòótọ́ ni ìwọ ṣe é?", a ó sọ ọ́ ní ọjọ́ mìíràn.

Ohun tí a ń bèèrè kò wọ́n. A ń rọ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì pé kí ó pàṣẹ kí a máa kọ ọ̀rọ̀ ẹni tí ó sọ Yorùbá sílẹ̀ ní Yorùbá, bí ó ti tẹnu rẹ̀ jáde, kí a tó túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì lórí ìwé ọ̀tọ̀, kí orúkọ ẹni tí ó túmọ̀ rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Kí a fún àgọ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀rọ tí ń gba ohùn àti àwòrán sílẹ̀, kí wọ́n sì tàn án láti gbólóhùn àkọ́kọ́. Àwọn ọmọ New York yẹn náà jẹ́wọ́ lójú fídíò, ṣùgbọ́n kò sí fídíò fún ọ̀pọ̀ wákàtí tí ó ṣáájú. A sì ń rọ ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀fọ̀n pé kí wọ́n jókòó pẹ̀lú DPO, kí wọ́n ṣe ìwé orúkọ àwọn JP àti àwọn olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì ní ìlú, àwọn tí ó gbọ́ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, tí wọ́n sì ṣe tán láti dáhùn bí a bá pè wọ́n lóru. Orúkọ mẹ́wàá ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Kí a kọ nọ́ńbà fóònù wọn sí iwájú orúkọ wọn, kí a sì lẹ ìwé náà mọ́ ara ògiri lẹ́yìn káńtà, níbi tí ẹni tí a mú wọlé lè ti rí i.